Àbíọ́nà Dá Irin Tó Ti Jẹ Padà fún Fẹ̀yìnṣojú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí etí yín ń yún. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lóko kó máa lọ, ẹni tó bá sì jókòó kó pa ẹnu mọ́, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ kí wọ́n máa já lu òun. Òjò ti dá, ẹran tí mo pa lánàá ń yan lórí iná, gbogbo yín lẹ sì rí i pé ó sanra. Ọdẹ tó ṣì ń pa irú ẹran yìí ní ọjọ́ orí mi, ṣé irọ́ ni yóò wá máa pa fún yín? Ìwọ Òjédìran, má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Kì í ṣe ìrìn-àjò tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti Àbíọ́nà ni, ọmọ Ọdẹ́yẹmí ará Ìdí-Òro, obìnrin tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìbọn yíyìn. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń wí níjẹta pé kí ènìyàn máa fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ fún Àbíọ́nà, kó kọ́kọ́ gbé òkú ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ lé orí itan ná.

Iṣẹ́ méjì ni Àbíọ́nà ń ṣe: ó ń dẹ igbó, ó sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọdẹ́gbàmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, náà ń ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló fẹ́ràn jù. Àwọn méjèèjì ló jọ ni ọkọ̀ eré ìje kan, tòkunbọ̀ ayé àtijọ́, tó pọ́n bí epo, tó sì kúrú nílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Àwòdì ni wọ́n sọ ọ́. Àwòdì kì í ṣe irú ọkọ̀ tí ẹ ń rí lójú títì. Nínú àwọn yẹn, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń yí, ti ẹ̀yìn á kàn máa wọ́ tẹ̀lé e. Àwòdì ní irin eléyín mìíràn lábẹ́ ìdí, tí wọ́n ń pè ní sítíárìn ẹ̀yìn. Bí iwájú bá yí, irin yìí á yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá a. Ìdí nìyí tó fi ń gba kọ́nà bí ejò ṣe ń gba inú koríko, tí kò sì sí ọkọ̀ tó lè bá a du ipò kìn-ín-ní ní gbogbo agbègbè náà.

Ṣùgbọ́n kò sí irin tí kì í gbó. Eyín sítíárìn ẹ̀yìn náà jẹ, ìdí Àwòdì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà. Àbíọ́nà ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ títí àwọn yóò fi rí irin mìíràn, ó sì gbé ìbọn, ó wọ igbó lọ. Kò tíì dé tí àlejò kan fi wọ Ìdí-Òro. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ agbádá, ó fa fìlà wálẹ̀ bo ìpàkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ó ní Fẹ̀yìnṣojú ni orúkọ òun, pé irin ọkọ̀ ni òun ń tà. Ó gbé sítíárìn ẹ̀yìn kan jáde, ó dúdú, ó ń dán, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ni. Ọdẹ́gbàmí rà á, Fẹ̀yìnṣojú sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é sí abẹ́ Àwòdì.

Ẹ gbọ́ àṣà Ìdí-Òro. Ẹni tó bá de nọ́ọ̀tì ọkọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá gbé e jáde lọ dán an wò. Bí ó bá dè é dáadáa, ẹ jọ dé. Bí ó bá dè é ní ìdekúdè, ẹ jọ lọ. Àṣà yìí ni kì í jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn máa sùn nídìí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí Fẹ̀yìnṣojú wọlé kó jókòó, ó di ikùn mú, ó ní inú ń run òun, kí Ọdẹ́gbàmí máa lọ ná. Onínúure ènìyàn ni Ọdẹ́gbàmí; ó bá a wá àga, ó ní kí Bàbá sinmi, ó sì gbé Àwòdì jáde. Ní kọ́nà ìsàlẹ̀ odò, iwájú ọkọ̀ yí sí ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lọ síbi tó wù ú. Nígbà tí wọ́n fi máa sáré dé ibẹ̀, Ọdẹ́gbàmí ti kú. Nígbà tí wọ́n sì fi máa padà dé ṣọ́ọ̀bù, àga nìkan ni wọ́n bá.

Nígbà tí Àbíọ́nà dé láti oko ọdẹ, kò sunkún. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú irin náà, ó sì fi èékánná ha á. Ọ̀dà ṣí. Abẹ́ ọ̀dà jẹ́ ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ èédú, abẹ́ ìda náà sì jẹ́ eyín tó ti jẹ tán, tó kù díẹ̀ kó di pẹrẹsẹ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, òkú Ọdẹ́gbàmí á wá dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á máa gbọ̀n, kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ọdẹ ní àwọn kò lè ṣe ìṣípà rẹ̀, ètùtù òkú ọdẹ. Ní Ìdí-Òro, ọdẹ tí irin rẹ̀ bá pa, ìbáà jẹ́ ìbọn tàbí ọkọ̀, irin náà gbọ́dọ̀ tún ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó lè yà á kúrò láàárín alààyè.

Ìyá wọn pe Àbíọ́nà. "Ọmọ mi, ṣé o rí bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń gbọ̀n? Òtútù ń mú un níbẹ̀."

"Mo rí i, Màámi."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ wá sítíárìn tuntun. Mo sì fẹ́ bá ẹni tó ta èyí ṣe ẹjọ́."

"Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Mo fẹ́ kó jókòó, Màámi. Ibi tó yẹ kó jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kó jókòó síbẹ̀."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Máa lọ. Má tètè dárí jì í."

Báyìí ni Àbíọ́nà di irin tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀họ, ó gbé e rù, ó kó sípánà rẹ̀ sápò, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì yọ dígí tí Àwòdì fi ń wo ẹ̀yìn, ó fi há ìgbànú. Igbó Àìwẹ̀yìn ló gbà, nítorí ibẹ̀ ni Fẹ̀yìnṣojú gbà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ má dé ibẹ̀. Èmi ti dé ibẹ̀. Mo sùn níbẹ̀, mo sì hanrun débi pé àwọn iwin ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn sùn. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ á gan síbẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa gbé e lọ síwájú, ojú á máa wo ilé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rìn títí ebi yóò fi pa á. Àbíọ́nà pàdé irú wọn tí wọ́n ń kọ lu igi, tí wọ́n sì ń bẹ igi pé kó má bínú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti ẹ̀yìn. Ohùn ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é, pé ilé ń jó. Ó tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà ni ohùn tó mọ̀ jù lọ láyé sọ̀rọ̀ nítòsí etí rẹ̀. "Àbíọ́nà, àbúrò mi, dúró dè mí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ṣé o ò ní wojú mi ni?" Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn, nítorí èyí tó ń dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kì í fọhùn. Ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ yí, ọwọ́ rẹ̀ ló yára. Ó fa dígí yọ, ó gbé e sókè, ó sì wo ẹ̀yìn láìyí orí padà.

Ohun tó rí nínú dígí wọ ẹ̀wù Ọdẹ́gbàmí, ṣùgbọ́n kò ní ojú, kò ní imú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, ó sì ti na ọwọ́ náà sí ọrùn rẹ̀. Ẹkún Àbíọ́nà gbẹ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ó ní, "Ìwọ tí o wọ ẹ̀wù òkú, ta ló rán ọ?"

"Fẹ̀yìnṣojú ni," ni àtẹ́lẹwọ́ náà wí. "Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọjà òun bọ̀ wá dá padà, n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó dé."

Àbíọ́nà gbé ìbọn lé èjìká, ó kọ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi dígí wọn ọ̀nà rẹ̀, ó sì yìn ín. Ẹ̀wù nìkan ló kù nílẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ìbọn yẹn? Ẹ dákẹ́ ni? Ẹ dárúkọ mi! Mo wí fún yín pé èmi kò kọ́ ẹnìkan ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ rí.

Níbi tí igbó náà ti parí, arúgbó iwin kan jókòó sẹ́nu ibodè, kò ga ju ìkòkò omi lọ, eyín kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń pọ́n lórí òkúta. Eléyín-kan ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè túmọ̀ àlọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ni yóò fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ó ní, "Àlọ́ o!"

"Ààlọ̀, Baba."

"Kí ló ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kiri tí ẹnìkan kì í kí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò tẹ̀lé e mọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀gá?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà."

Arúgbó náà fi òkúta rẹ̀ sílẹ̀. "Kí wá ni ẹrù tó ń jẹ ẹni tó rù ú, síbẹ̀ tí onítọ̀hún kò fẹ́ sọ̀ ọ́?"

"Ìbínú ni."

"Ìwọ náà rù ú. Mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti òkèèrè. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi, n óò bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí o ó fi padà."

"Ẹ ṣeun, Baba. Òun ni mo fi ń rìn. Bí mo bá sọ̀ ọ́, mi ò ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Eléyín-kan lára, ó sì ṣí ibodè. Ó ní, "Gbọ́, ọmọ ọdẹ. Ìlú Pààrọ̀ ni o ń lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀ ló jẹ̀bi, nítorí náà má bá a jà. Wá Agbọ́tẹnu, olórí ọjà, kí o sọ fún un pé o fẹ́ dá ọjà padà. Òfin wọn yóò bá ọ ṣe ìyókù."

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ò tíì rí ìlú! Ní ìlú Pààrọ̀, ikú kò ní àyè, nítorí ohunkóhun tó bá jẹ lára wọn, ọjà ni wọ́n ti ń lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àbíọ́nà rí ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ àga rọ́pò ẹsẹ̀, ó rí ìyàwó ilé tó ń dúnàádúrà lórí orúnkún fún ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní àárọ̀, wọn kì í bèèrè àlàáfíà, "Èwo ló jẹ lára yín?" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ìsọ̀ Fẹ̀yìnṣojú ló tóbi jù lọ́jà náà. Ọkàn, ẹ̀dọ̀, ìgúnpá, sítíárìn, búùṣì, gbogbo rẹ̀ ló tò jọ, tó sì ń dán. Òun fúnra rẹ̀ jókòó láàárín wọn láìdé fìlà, Àbíọ́nà sì rí ohun tí fìlà ń bò ní Ìdí-Òro: ojú méjì mìíràn wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ojú iwájú ló fi ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, ti ẹ̀yìn ló fi ń ṣọ́ ọjà.

Àbíọ́nà ju irin náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Baba, ọjà yín rèé."

Ẹ̀rín Fẹ̀yìnṣojú kò yí padà. "Ta ni ìwọ?"

"Àbúrò ẹni tí ẹ tà á fún ní Ìdí-Òro. Ó ti kú."

"Ikú kì í ṣe ọjà mi, ọmọ yìí. Gbé irin rẹ, kí o máa lọ."

Àbíọ́nà di ìbọn mú. Ó sọ fún mi pé kò sí ohun tó le fún òun ní gbogbo ìrìn náà tó kí òun má yìn ín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀rọ̀ Eléyín-kan, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó sì ké pe olórí ọjà. Agbọ́tẹnu jáde wá, arúgbó obìnrin tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, gbogbo ọjà sì wọ́ tẹ̀lé e. Àbíọ́nà rò fún un láti orí dé ìdí, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Agbọ́tẹnu ní, "Fẹ̀yìnṣojú, o mọ òfin. Ṣé ọjà rẹ dára àbí kò dára? Bí kò bá dára, a ó ti ìsọ̀ rẹ pa lónìí. Bí ó bá dára, a ó dè é sí abẹ́ ọkọ̀ tìrẹ, wàá gùn ún lójú wa gba kọ́nà Etí-Ọ̀gbun, obìnrin yìí á sì gba èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ lọ."

Ojú ìpàkọ́ Fẹ̀yìnṣojú wo ìsọ̀ rẹ̀ yíká, ó wo gbogbo ohun tó ń dán níbẹ̀. Bí ó bá ní ẹyọ kan kò dára, ta ni yóò tún ra ìyókù? Ó gbé àyà sókè, ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ojúlówó ni." Ọjà pàtẹ́wọ́ fún un. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò dè é? Èmi kì í fọwọ́ kan gíríìsì lọ́jọ́ ọjà."

"Èmi ni n óò dè é," ni Àbíọ́nà wí. "Ní ìlú tiwa, ẹni tó bá dè é ló ń jókòó tì í. N óò jókòó tì ọ́."

Inú Fẹ̀yìnṣojú dùn sí èyí. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé kò sí aṣiwèrè tí yóò de ikú tí òun náà yóò gùn. Ẹ ò rí i pé kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìyá.

Wọ́n gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Bí ìbejì Àwòdì ló rí, àfi pé ó dúdú, kò sì ní òrùlé. Àbíọ́nà gbé jáàkì sí i, ó dùbúlẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó tú ọ̀pá tó ń gbé ọ̀rọ̀ iwájú wá sẹ́yìn, ó tú apá méjèèjì tó di ẹsẹ̀ mú, ó tú àwọn bóòtù ńlá, irin náà sì sọ̀kalẹ̀ sórí àyà rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ mú. Oníjìbìtì mọ ojúlówó, ara rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ fún! Àbíọ́nà dì í sínú àpò, ó wá gbé èyí tó ti jẹ sókè.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń de irú irin yìí. Ìṣó kan wà, kò ju ìka ọmọdé lọ, tí wọ́n máa ń tì bọ ihò tó wà ní àárín rẹ̀ kí eyín inú rẹ̀ má baà yí nígbà tí wọ́n bá ń dè é, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè dúró gún. Bí gbogbo bóòtù bá ti le tán, mẹkáníìkì á fa ìṣó náà yọ, irin á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbíọ́nà ti ìṣó bọ̀ ọ́. Ó de apá, ó de ọ̀pá, ó fún bóòtù le. Lẹ́yìn náà ó kó sípánà rẹ̀ jọ, ó sì jáde. Ìṣó náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ọjà kò béèrè.

Ó nu ọwọ́, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Fẹ̀yìnṣojú, mo tún wí i: irin yìí ti jẹ, òun ló sì pa ẹ̀gbọ́n mi. Gbà bẹ́ẹ̀ níwájú ọjà, kí o sì sọ̀kalẹ̀."

"Ojúlówó ni mo wí!"

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ."

Àwọn méjèèjì jókòó. Fẹ̀yìnṣojú rọra ń gbé e lọ bí ẹni tó gbé ẹyin. Àwọn ará ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ọkọ̀ eré ìje ni àbí ìgbín, pé ṣé ẹni tó ní ọjà ń bẹ̀rù ọjà ni. Ojú tì í, ó tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ bú ramúramù, afẹ́fẹ́ ń já etí àwọn méjèèjì. Kọ́nà Etí-Ọ̀gbun yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ọwọ́ òsì rẹ̀ ni kòtò jíjìn kan wà, níbi tí ìlú Pààrọ̀ ń da gbogbo irin tó ti jẹ sí.

Fẹ̀yìnṣojú ní, "Inú ń run mí."

"Máa lọ," ni Àbíọ́nà wí. "Mo jókòó tì ọ́."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Fẹ̀yìnṣojú yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún, iwájú ọkọ̀ sì gbọ́. Ojú ìpàkọ́ rẹ̀ là rekete, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí ó mọ irú ọkọ̀ yìí, ó mọ̀ pé bí iwájú bá yí, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yí. Ó rí i pé ẹ̀yìn kò yí rárá. Ta ni yóò sọ fún un pé ìṣó ló dì í mú? Ó rò pé ìda ti yọ́, pé eyín ti já, pé ìdí ọkọ̀ ti fẹ́ gbé àwọn sọnù.

Ó figbe ta. "Ó ti já! Mo mọ̀ pé kò lè dúró! Ìda ni mo fi dí i! Ìda àti èédú ni!" Gbogbo ọjà gbọ́ ọ. "Obìnrin, ṣe nǹkan sí i! Mo bẹ̀ ọ́!"

"Dárúkọ rẹ̀," ni Àbíọ́nà wí.

"Ti ta ni?"

"Ti ẹni tí o tà á fún."

Ẹnu Fẹ̀yìnṣojú là, kò sí orúkọ níbẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti jẹ iyán nílé Ọdẹ́gbàmí, ó ti jókòó sórí àga tí Ọdẹ́gbàmí gbé fún un, kò sì rántí orúkọ rẹ̀. Àbíọ́nà ní ibẹ̀ gan-an ni àánú díẹ̀ tó kù nínú òun tán. Ó mọ̀ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gba ọkùnrin yìí là, pé ìṣó wà níbẹ̀, pé kó fi ọkàn balẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Fẹ̀yìnṣojú fi ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ́ sínú ọ̀gbun.

Àbíọ́nà gbá ọwọ́ ọkọ̀ mú láti ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ náà gba kọ́nà wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọkọ̀ yòókù ayé, iwájú ń yí, ẹ̀yìn ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó na ẹsẹ̀ kọjá, ó tẹ bíréèkì, ó sì dúró.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ kó Fẹ̀yìnṣojú jọ. Ó ti fọ́ yángá lórí irin àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, kí wọ́n lọ sí ìsọ̀ òun, kí wọ́n kó ohun èlò wá. Wọ́n kó ẹsẹ̀ wá fún un láti ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́: ìda. Wọ́n kó egungun ìhà wá, ó yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọkàn tó dán jù lọ wá, èyí tó ń pè ní ojúlówó ojúlówó, wọ́n tì í bọ àyà rẹ̀, èédú dà jáde. Ó bẹ àwọn ìsọ̀ yòókù pé kí wọ́n yá òun ní tiwọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo orúnkún àti ìgúnpá tí wọ́n ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, olúkúlùkù sì ń padà sílé lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí ènìyàn ṣe kọ́kọ́ kú ní ìlú Pààrọ̀ nìyẹn.

Agbọ́tẹnu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí ìṣó. Ó wo Àbíọ́nà.

"O mọ̀ pé yóò wẹ̀yìn."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo sì fi ìṣó sí i nítorí mo fẹ́ padà sílé lọ́dọ̀ ìyá mi. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó gba ọjà ara rẹ̀ gbọ́, à bá jọ dé."

Arúgbó náà mi etí rẹ̀ méjèèjì. "Irin kò pa á. Ìwọ náà kò tì í. Gbé ohun tó jẹ́ tìrẹ, kí o lọ, kí o má sì padà wá mọ́, nítorí ẹ̀rù rẹ ń bà mí."

Ẹ má bi mí bó ṣe dé ilé. Ó dé. Ó wọ abẹ́ Àwòdì, ó de sítíárìn tuntun náà, ó fa ìṣó yọ, ó sì gbé e gba kọ́nà ìsàlẹ̀ odò lójú gbogbo Ìdí-Òro. Iwájú yí, ẹ̀yìn yí bá a, kò sí ariwo. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ọdẹ ṣe ìṣípà Ọdẹ́gbàmí. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ó jókòó?"

"Ó jókòó, Màámi."

"Ṣé ẹ̀rù bà á?"

"Ó bà á gan-an."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Àbíọ́nà sáré lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Láti ìlú Pààrọ̀ ló ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, bí Fẹ̀yìnṣojú ṣe kígbe, bí èédú ṣe dà ní àyà rẹ̀, bí òun ṣe pa ẹnu dé. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Kò bá ẹnìkan níbẹ̀. Wọ́n ti ṣípà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti lọ, kò sì ní dúró níbẹ̀ mọ́ láéláé. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bá a nígbà tí mo ń ti oko ọdẹ bọ̀. Ó jókòó sórí ògbólógbòó táyà, ó kọjú sí ògiri, ó sì ń rò ó fún ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún Fẹ̀yìnṣojú tò pọ̀ lọ́la, òun yóò tún jókòó tì í. Ó sún díẹ̀ lórí táyà náà kí n lè ráyè jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lákọ̀tun.